Bí ẹ ṣe lè ka orúkọ oògùn àti kẹ́míkà lédè Jàpáánù láì há gbogbo ẹ̀ sórí

Èèyàn á kọ́ èdè Jàpáánù títí dé N3 (ìpele àárín nínú ìdánwò èdè Jàpáánù, N2 ló ga jù ú lọ), á máa bá ará àdúgbò tàkúrọ̀sọ, á máa ra ẹja lọ́jà láì tijú, àmọ́ ẹ jẹ́ kí orí fọ́ ọ lálẹ́ ọjọ́ kan kó wọ ilé oògùn lọ, ibẹ̀ lọ̀rọ̀ á ti yíwọ́. Ohun tí wọ́n kọ sára páálí ni 解熱鎮痛薬. Ojú ẹ̀ mọ kanji méjì níbẹ̀, ìyẹn àwọn àmì ìkọ̀wé tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ní ìtumọ̀ tiẹ̀, ẹnu ẹ̀ ò lè kà á jáde, tó bá sì sọ pé kóun béèrè, ọ̀rọ̀ tí apòògùn máa fi dá a lóhùn tún le ju ti ara páálí lọ. Àwọn tó ń ṣiṣẹ́ ìtọ́jú arúgbó, àwọn tó ń fọ ilé ìtura, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó wà ní láàbù, gbogbo wọn ló ń kọsẹ̀ síbi kan náà.

Ohun tó fà á ni pé wọ́n ń há ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan sórí ní odindi, wọ́n á há ogójì, wọ́n á gbàgbé ọgbọ̀n. Orúkọ oògùn lédè Jàpáánù, ńṣe ni wọ́n tò ó pọ̀, tẹ́ ẹ bá mọ bí wọ́n ṣe tò ó, ẹ máa ka èyí tẹ́ ò rí rí. Ọ̀nà tá a máa gbà nìyẹn.

Ohun tẹ́ ẹ máa nílò

- Hiragana àti katakana, ìyẹn lẹ́tà méjèèjì tí wọ́n fi ń kọ ìró ọ̀rọ̀, tó yọ̀ mọ́ ẹ lẹ́nu. Tẹ́ ẹ bá ṣì ń wo tábìlì kẹ́ ẹ tó ka katakana, ẹ lọ parí ìyẹn ná, ẹ padà wá.
- Kanji bíi ọ̀ọ́dúnrún. Kò dìgbà tẹ́ ẹ bá dé N2.
- Ápù tó ń bi èèyàn ní ìbéèrè káàdì, Anki dáa, ọ̀fẹ́ ni lórí kọ̀ǹpútà.
- Páálí oògùn tàbí ike ọṣẹ gidi márùn-ún, ó kéré tán. Tó bá jẹ́ Ìbàdàn tàbí Kùtọnú lẹ wà, tẹ́ ò tíì dé Jàpáánù, PMDA, ìyẹn àjọ tó ń yẹ oògùn wò níbẹ̀, kó ìwé àlàyé oògùn sórí íntánẹ́ẹ̀tì, ẹ kàn lọ wá 添付文書 (tenpu bunsho) níbẹ̀, ẹ gba márùn-ún sórí fóònù.

Ẹ má wulẹ̀ ra ìwé ọ̀rọ̀ ìṣègùn olówó ńlá báyìí o, àwọn dókítà ni wọ́n ṣe é fún.

Ìgbésẹ̀ 1: Ẹ ti ìrù ọ̀rọ̀ bẹ̀rẹ̀

Kanji tó kẹ́yìn ló ń sọ irú nǹkan tó wà lọ́wọ́ yín. Ẹ kọ́ mẹ́rin yìí ná:

薬 (yaku), oògùn. Tó bá tẹ̀ lé ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń sọ nílé, ó máa ń di gusuri: 目薬 megusuri ni oògùn ojú, 胃薬 igusuri ni oògùn inú, 風邪薬 kazegusuri ni oògùn ọ̀fìnkìn.

剤 (zai), ohun tí wọ́n pò pọ̀ kó lè ṣiṣẹ́ kan. 錠剤 jōzai ni oògùn oníhóró, àmọ́ 洗剤 senzai ni ọṣẹ ìfọṣọ tàbí ìfọbọ́, 接着剤 setchakuzai sì ni gọ́ọ̀mù.

液 (eki), nǹkan olómi. 消毒液 shōdokueki, omi apakòkòrò tí wọ́n ń fi pa ọwọ́.

料 (ryō), ohun tí wọ́n ń fi sí nǹkan míì. 甘味料 kanmiryō ló ń mú oúnjẹ dùn, 着色料 chakushokuryō ló ń fún un láwọ̀, 保存料 hozonryō ni kì í jẹ́ kó tètè bàjẹ́.

Ibi tí wọ́n ti ń ṣìnà: wọ́n á rí 剤, wọ́n á ní oògùn mímu ni. Àpò kékeré tó máa ń wà nínú bísíkíìtì yẹn, 乾燥剤 kansōzai ni wọ́n ń kọ sí i lára, iṣẹ́ ẹ̀ ni kó fa ọ̀rinrin, ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ jẹ ẹ́. 薬 náà ò ṣeé fọkàn tán tán o, torí 農薬 nōyaku, oògùn tí àgbẹ̀ ń fín sóko ni, 火薬 kayaku sì ni ẹ̀tù ìbọn.

Ẹ yẹ ara yín wò: ẹ kọ ọ̀rọ̀ mẹ́wàá láti ara páálí yín, ẹ fi ọwọ́ bo iwájú wọn, kẹ́ ẹ fi kanji ìkẹyìn nìkan pín wọn sí èyí tó ṣeé ṣe kó wọ ara àti èyí tó jẹ́ ti ilé tàbí oko. Tẹ́ ẹ bá gba mẹ́jọ, ẹ kọjá.

Ìgbésẹ̀ 2: Ẹ wo iṣẹ́ tó ń ṣe, ẹ̀yìn náà ẹ wo ohun tó ń ṣe é sí

Ibí yìí gan-an ni ọmọ Yorùbá ti rọ́wọ́ mú, ó sì ń yà mí lẹ́nu pé kò sẹ́ni tó ń sọ ọ́ ní kíláàsì. Nínú gbólóhùn Jàpáánù lásán, ọ̀rọ̀ ìṣe ló ń gbẹ̀yìn, ìyẹn ló ń yọ wá lẹ́nu láti ọjọ́ tá a ti bẹ̀rẹ̀. Àmọ́ nínú orúkọ oògùn tó jẹ́ ti ìwé, ìṣe ló ń ṣíwájú, ohun tí wọ́n ń ṣe é sí á tẹ̀ lé e, bá a ṣe ń sọ ọ́ nílé gẹ́lẹ́. Apakòkòrò: *pa*, *kòkòrò*. 殺虫剤 satchūzai: 殺 pa, 虫 kòkòrò, 剤 oògùn. Ẹ ò rí i pé ọ̀rọ̀ kan náà ni?

Ẹ wá fi ojú yẹn wo àwọn yìí:

- 鎮 (chin), mú un rọlẹ̀. 鎮痛剤 chintsūzai, oògùn ìrora.
- 解 (ge), tú u kúrò. 解熱剤 genetsuzai, oògùn ara gbígbóná.
- 降 (kō), mú un wálẹ̀. 降圧剤 kōatsuzai, oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru.
- 止 (shi), dá a dúró. 止血剤 shiketsuzai, oògùn tó ń dá ẹ̀jẹ̀ dúró.
- 去 (kyo), lé e lọ. 去痰薬 kyotan'yaku, oògùn kẹ̀lẹ̀bẹ̀.
- 利 (ri), jẹ́ kó máa yọ̀ jáde. 利尿剤 rinyōzai, oògùn tó ń múni tọ̀.
- 抗 (kō), dojú kọ ọ́. 抗菌薬 kōkin'yaku fún bakitéríà, 抗がん剤 kōganzai fún jẹjẹrẹ.
- 除 (jo), mú un kúrò. 除草剤 josōzai, oògùn èpò.
- 防 (bō), má jẹ́ kó dé. 防虫剤 bōchūzai, ìyẹn káńfọ̀ tí wọ́n ń fi sáàárín aṣọ.

Ẹ padà wo 解熱鎮痛薬 tó wà lókè báyìí. Tú ooru kúrò, mú ìrora rọlẹ̀, oògùn. Genetsu chintsūyaku. Ó tán.

Ibi tó ti ń dà rú pọ̀ díẹ̀ o. Àkọ́kọ́, 解 tẹ́ ẹ mọ̀ sí "kai" níbi gbogbo, "ge" ni wọ́n ń kà á nínú 解熱 àti 解毒 gedoku. Ìkejì, 抗 àti 降, "kō" ni méjèèjì, etí ò lè yà wọ́n, torí náà káàdì tó bá jẹ́ ohùn nìkan ló wà lórí ẹ̀ ò wúlò, kanji gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀. Ìkẹta ló burú jù: 下剤 gezai àti 下痢止め geridome. Méjèèjì fi 下 bẹ̀rẹ̀, ẹni tó bá ń kánjú á rò pé ẹbí kan ni wọ́n. Gezai ló ń mú ẹni tí ìgbẹ́ ò jáde lára ẹ̀ yàgbẹ́, geridome ló ń dá ìgbẹ́ gbuuru dúró, ẹ wá ro bó ṣe máa rí fún ẹni tó ti ń sáré lọ sílé ìyàgbẹ́ láti àárọ̀ tó wá lọ ra gezai.

Kì í sì í ṣe gbogbo orúkọ ló tẹ̀ lé ìlànà yìí. 睡眠薬 suimin'yaku ò dojú kọ oorun, oorun ló ń gbé wá. 

Ẹ yẹ ara yín wò: ẹ má ṣí ìwé atúmọ̀, ẹ túmọ̀ 制吐剤, 脱臭剤, 殺鼠剤. Ìdáhùn: seitozai, oògùn tó ń ká èébì lọ́wọ́ kò, dasshūzai, ohun tó ń mú òórùn burúkú kúrò, sassozai, oògùn eku. Tẹ́ ẹ bá mọ ìtumọ̀ ṣùgbọ́n tẹ́ ò lè pè é, kò burú, ẹ ti já a gbà. Tó bá jẹ́ òdìkejì, ẹ tún ìgbésẹ̀ yìí ṣe.

Ìgbésẹ̀ 3: Ẹ so ọ̀rọ̀ ìwé mọ́ ọ̀rọ̀ ẹnu

Oògùn kan lè ní orúkọ méjì, tara páálí àti tẹnu aráàlú. Ti aráàlú ló ń fi ohun tó ń dunni síwájú: 痛み止め itamidome (ìrora, dídá dúró) ni chintsūzai lẹ́nu ìyá àgbà, 咳止め sekidome (ikọ́, dídá dúró) ni 鎮咳薬 chingaiyaku, 吐き気止め hakikedome sì ni seitozai tá a ṣẹ̀ṣẹ̀ rí. Bákan náà ni ọ̀rọ̀ ìṣe. Lẹ́nu, 飲む nomu la fi ń sọ pé èèyàn lo oògùn, kódà tó bá jẹ́ hóró. Lórí ìwé, 服用する fukuyō suru. Ìpara, 塗る nuru lẹ́nu, 塗布する tofu suru lórí ìwé. Kí dókítà fún aláìsàn ní oògùn, 投与する tōyo suru, aláìsàn ò sì lè fi ìyẹn sọ̀rọ̀ nípa ara ẹ̀ láé.

Káàdì kan, orúkọ méjèèjì lórí ẹ̀. Ẹ má pín wọn.

Àṣìṣe ibí yìí ni pé èèyàn á kọ́ ti ìwé tán, á wá máa fi bá aládùúgbò sọ̀rọ̀. Tẹ́ ẹ bá sọ fún ìyá kan ní bọ́ọ̀sì pé ẹ fẹ́ "genetsu chintsūyaku o fukuyō", ó máa gbọ́ yín, àmọ́ ó máa wò yín bí ẹni tó gbé ìwé àlàyé oògùn mì. Ti ìwé, kíkà la ń kà á, a sì ń gbọ́ ọ lẹ́nu oníṣègùn. Èyí tí ẹnu yín nílò ni itamidome.

Ẹ yẹ ara yín wò: ẹ sọ ohun tó wà nínú páálí kan fún ọmọ ọdún mẹ́wàá tẹ́ ẹ fojú inú wò, láì lo 剤 kankan.

Ìgbésẹ̀ 4: Bí oògùn ṣe rí àti ìgbà tí wọ́n ń lò ó

Ìrísí oògùn yá láti kọ́: 錠剤 jōzai hóró, 散剤 sanzai páúdà, 顆粒 karyū èyí tó rí bíi gaàrí, カプセル kapuseru, 軟膏 nankō ìpara, 点眼薬 tengan'yaku tójú, 点鼻薬 tenbiyaku timú, 湿布 shippu èyí tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn. 坐薬 zayaku ń kọ́? Kanji ìjókòó ló wà níwájú ẹ̀, àwọn ọmọ Jàpáánù fúnra wọn máa ń ṣe yẹ̀yẹ́ ẹni tó jókòó kó tó gbé e mì. Ìdí ni wọ́n ń tì í bọ̀ o.

Ìgbà lílò ló yẹ kẹ́ ẹ fara balẹ̀ sí. Ẹ wá 用法・用量 (yōhō yōryō) lára páálí, abẹ́ ẹ̀ ni gbogbo ẹ̀ wà:

食前 shokuzen, kẹ́ ẹ tó jẹun. 食後 shokugo, lẹ́yìn oúnjẹ, láàárín bíi ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. 就寝前 shūshin-mae, kẹ́ ẹ tó sùn. 頓服 tonpuku, ìgbà tí nǹkan bá ń ṣe yín nìkan, kì í ṣe ojoojúmọ́.

Ó wá ku 食間 shokkan. 食 oúnjẹ, 間 àárín, ni ọ̀pọ̀ èèyàn bá ní àárín oúnjẹ ni, wọ́n á jẹ okele mẹ́ta, wọ́n á gbé oògùn mì, wọ́n á tún máa jẹun lọ. Rárá o! Àárín oúnjẹ kan sí èkejì ni, ìyẹn bíi wákàtí méjì lẹ́yìn tẹ́ ẹ jẹun, tí inú ti fúyẹ́. Oògùn ìbílẹ̀ Jàpáánù tí wọ́n ń pè ní 漢方薬 kanpōyaku, shokuzen tàbí shokkan ni wọ́n sábà máa ń kọ sí i.

Ẹ̀gẹ̀ míì ni 日 àti 回. 1日3錠 ni hóró mẹ́ta fún odindi ọjọ́. 1回3錠, hóró mẹ́ta lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Tí wọ́n bá wá kọ 1日3回、1回1錠, ẹ̀ẹ̀mẹta lójúmọ́ ni, hóró kan lẹ́ẹ̀kan. Ẹni tó bá ṣi 日 mú fún 回 lè gbé oògùn ọjọ́ kan mì lẹ́ẹ̀kan náà. Kíkà ẹ̀ sì tún ń yí: 1錠 ichijō, 2錠 nijō, ṣùgbọ́n àpò páúdà, 1包 ippō, 2包 nihō, 3包 sanpō.

Àti ọjọ́ orí: 15歳以上 ijō, ẹni ọdún 15 wà nínú ẹ̀. 15歳未満 miman, kò sí nínú ẹ̀.

Ẹ yẹ ara yín wò: ẹ ka 「成人1回2錠、1日2回、朝夕食後に服用」 sókè, kẹ́ ẹ sọ iye hóró tó máa wọnú àgbàlagbà kan lójúmọ́. Tí ìdáhùn yín ò bá jẹ́ mẹ́rin, láàárọ̀ àti lálẹ́ lẹ́yìn oúnjẹ, ẹ má lọ síwájú.

Ìgbésẹ̀ 5: Katakana tó ń tan ẹni tó gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì

Ọ̀dọ̀ àwọn Jámánì ni ìṣègùn Jàpáánù ti yá ọ̀pọ̀ ọ̀rọ̀, torí náà Gẹ̀ẹ́sì tẹ́ ẹ gbọ́ lè ṣì yín lọ́nà. Sódíọ̀mù ni ナトリウム natoriumu, pọtásíọ̀mù ni カリウム kariumu. Ẹ lọ wo lẹ́tà Na àti K lórí tábìlì kẹ́mísìrì tẹ́ ẹ kọ́ ní sẹ́kọ́ńdìrì, wọ́n á rán yín létí. Àlẹ́jì ni アレルギー arerugī, ẹ pe "g" yẹn bíi ti "gàárì", abẹ́rẹ́ àjẹsára sì ni ワクチン wakuchin.

Párásítámọ́ọ̀lù wa, tẹ́ ẹ bá wá a títí lórí àtẹ, ẹ ò ní rí i. アセトアミノフェン asetoaminofen ni wọ́n ń kọ. Ẹ wá a lábẹ́ 成分 seibun, ìyẹn ohun tó wà nínú oògùn, torí orúkọ gàdàgbà tó wà níwájú páálí, orúkọ ọjà lásán ni. Ẹ sì ṣọ́ra: asetoaminofen lè wà nínú oògùn orí fífọ́ kó tún wà nínú kazegusuri, ẹni tó bá lo méjèèjì pọ̀ ti lo ìlọ́po méjì láì mọ̀.

Ẹ yẹ ara yín wò: ẹ gbé páálí méjì síwájú, ẹ wo seibun wọn bóyá ohun kan náà wà níbẹ̀.

Ìgbésẹ̀ 6: Kẹ́míkà

Àwọn ọ̀rọ̀ gígùn yìí máa ń dẹ́rù bani, bẹ́ẹ̀ ìlànà wọn ló ṣe tààrà jù. 素 so ni ẹ̀yà ìpìlẹ̀: 酸素 sanso ọ́síjìn, 水素 suiso háídírójìn, 炭素 tanso kábọ́ọ̀nù, 塩素 enso kílórínì. 酸 san tó bá gbẹ̀yìn, ásíìdì ni: 塩酸 ensan, 硫酸 ryūsan. 化 ka sọ pé ó ti dà pọ̀ mọ́ nǹkan míì: 塩化ナトリウム enka natoriumu, iyọ̀ ọbẹ̀ nìyẹn o.

Lẹ́yìn náà ni àwọn kékeré tó ń jókòó síwájú. Ẹ mú 塩素酸 ensosan. Tí ọ́síjìn ẹ̀ bá dín ní ẹyọ kan, 亜塩素酸 aensosan. Tó bá tún dín ní ẹyọ kan sí i, 次亜塩素酸 jiaensosan. Tó bá fi ẹyọ kan lé ti 塩素酸, 過塩素酸 kaensosan. Ẹ wá ka ohun tó wà nínú blíìṣì ilé ìdáná: 次亜塩素酸ナトリウム, jiaensosan natoriumu. Ó gùn, àmọ́ ẹ ti mọ gbogbo ẹ̀.

Lára ike blíìṣì (漂白剤 hyōhakuzai), ẹ wo bóyá 塩素系 ensokei ni tàbí 酸素系 sansokei. Kanji kan ló yà wọ́n, ensokei á sì bó àwọ̀ aṣọ, tẹ́ ẹ bá ju adìrẹ tàbí àǹkárá sí i, ẹ kú ìnáwó. Sansokei ni ti aṣọ aláwọ̀, ẹ ṣáà kọ́kọ́ ka ohun tí wọ́n kọ sílẹ̀ nípa aṣọ tó lè gbà á. Tẹ́ ẹ bá rí まぜるな危険 mazeru na kiken, ẹ má pò ó mọ́ nǹkan kan. Ensokei tó bá pàdé ọṣẹ ilé ìyàgbẹ́ tó ní ásíìdì (酸性タイプ sansei taipu), gáàsì kílórínì ló máa jáde, èèyàn sì ti kú síbẹ̀. 

Èyí tó tún ń da àwọn tó ń ṣiṣẹ́ ìfọnúlé láàmú ni ẹbí 菌. 除菌 jokin dín kòkòrò àìfojúrí kù, ara ọṣẹ lásán lẹ ti máa rí i. 殺菌 sakkin pa wọ́n, ọ̀rọ̀ oògùn àti 医薬部外品 iyaku bugaihin (ọjà tó wà láàárín oògùn àti ọjà lásán) ni, òfin ò jẹ́ kí ọṣẹ ìfọbọ́ lásán pe ara ẹ̀ bẹ́ẹ̀. 滅菌 mekkin ò ní ṣẹ́ ìkankan kù, ti irinṣẹ́ iṣẹ́ abẹ. 抗菌 kōkin ò jẹ́ kí wọ́n pọ̀ sí i.

Ti àmì ewu, ẹ mọ àwọ̀ wọn. Oògùn tó lágbára gan-an, 毒薬 dokuyaku, lẹ́tà funfun lórí dúdú. 劇薬 gekiyaku tó tẹ̀ lé e, lẹ́tà pupa lórí funfun. Kẹ́míkà tí kì í ṣe oògùn máa ní 医薬用外 iyakuyōgai lára: 毒物 dokubutsu funfun lórí pupa, 劇物 gekibutsu pupa lórí funfun. Níbi epo bẹntiróòlù, 火気厳禁 kaki genkin, iná ò gbọdọ̀ dé ibẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ ṣiṣẹ́ ilé epo tó sì fẹ́ ìwé ẹ̀rí 乙種第4類, tí wọ́n ń pè ní otsu-yon, á rí 引火性液体 inkasei ekitai, nǹkan olómi tó ń gbaná, títí ó fi máa sú u.

Ẹ yẹ ara yín wò: ẹ ya 一酸化炭素 issanka tanso sọ́tọ̀ọ̀tọ̀ fúnra yín. Ọ̀kan, ọ́síjìn, dà pọ̀, kábọ́ọ̀nù. Gáàsì tí sítóòfù kẹrosíìnì máa ń tú jáde nígbà òtútù tí fèrèsé bá tì pa nìyẹn, òun ni wọ́n ṣe ń kọ 換気 kanki, ẹ jẹ́ kí afẹ́fẹ́ wọlé, sára sítóòfù.

Ìgbésẹ̀ 7: Ẹ kà á lójú iṣẹ́

Páálí kan lọ́sẹ̀ kan, ká má parọ́, ó tó. Ẹ tẹ̀ lé bí wọ́n ṣe tò ó: 効能・効果 kōnō kōka (ohun tó ń wò), 用法・用量, 成分, 使用上の注意 shiyōjō no chūi (ohun tó yẹ kẹ́ ẹ ṣọ́ra fún). Ọ̀rọ̀ tẹ́ ò bá mọ̀, ẹ kọ́kọ́ tú u fúnra yín kẹ́ ẹ tó gbé fóònù. Ẹ tún béèrè お薬手帳 okusuri techō ní ilé oògùn, ìwé kékeré tí wọ́n ń kọ gbogbo oògùn tí wọ́n fún yín sí, kò sí ìwé kíkà tó dà bíi ẹ̀. Tí dókítà bá fún yín ní 処方箋 shohōsen, ìwé tẹ́ ẹ máa fi gba oògùn, ẹ má fi í pamọ́ láti fi kẹ́kọ̀ọ́, ọjọ́ mẹ́rin péré ló ń lò, ọjọ́ tí wọ́n kọ ọ́ wà nínú ẹ̀.

Bó ti wù kẹ́ ẹ mọ̀ ọ́n kà tó, tó bá jẹ́ èyí tó máa wọ ẹnu ọmọ tàbí arúgbó, ẹ bi 薬剤師 yakuzaishi, ìyẹn apòògùn. Ìbéèrè mẹ́ta ló tó: 「これは何の薬ですか」 Kore wa nan no kusuri desu ka. 「いつ飲みますか」 Itsu nomimasu ka. Àti èyí tó jẹ́ pé tẹ́ ẹ bá gbàgbé gbogbo ìyókù, ẹ má gbàgbé ẹ̀, 「この薬と一緒に飲んでもいいですか」 Kono kusuri to issho ni nondemo ii desu ka, kẹ́ ẹ sì na oògùn kejì tẹ́ ẹ ń lò sí i kó fojú ara ẹ̀ rí i.